Fúláàsì àgbo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ẹ bá mi dá sí i

Àkàndé Kubwa · Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ìyá mi wá kí wa ní Kubwa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, wọ́n sì ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tipẹ́. Wọn ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa tí orí fi ń fọ́ wọn, tí òòyì ń kọ́ wọn, la bá gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ. Ìfúnpá wọn wà ní 190 lórí 110. Wọ́n dá wọn dúró. Wọ́n lo oògùn ọjọ́ kìíní, wọ́n lo ti ọjọ́ kejì, kò wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Dókítà pààrọ̀ oògùn, ó tún fi òmíràn tì í. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin mọ́, 180 la ṣì bá.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ẹni tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù fi igi ìnulẹ̀ kan fúláàsì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fúláàsì tí ìyàwó mi fi ń gbé ògì wá láràárọ̀ ni gbogbo wa pè é. Nọ́ọ̀sì ṣí i, òórùn gba gbogbo wọ́ọ̀dù. Àgbo! Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé ìyá mi lórí lójú gbogbo èèyàn bí ẹni mú olè. Màmá ká ọwọ́ lé àyà, wọ́n ní omi gbígbóná ni. Ìyá mi, tó nà mí ní ẹgba mẹ́fà nítorí irọ́ nígbà tí mo wà ní pírámárì!

Wọ́n gba fúláàsì, wọ́n ní kí wọ́n má mu ún mọ́, ó parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Dókítà ò béèrè, nọ́ọ̀sì ò béèrè, èmi ọmọ wọn gan-an ò béèrè. Ojú ń tì mí ni.

Mo gbọ́ pé ní Gánà, oníṣègùn ewé ní yàrá tirẹ̀ nínú ilé ìwòsàn ìjọba. Kí ló ń dí tiwa lọ́wọ́? Àbí ewu ń bẹ níbẹ̀ tí mi ò rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èébú dá mi lóhùn o.

Jẹ́jẹ́ Layé · 9:52 alẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ara wọn á yá. Ṣùgbọ́n "omi gbígbóná" yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ìyá tèmi máa ń pe tiwọn ní Lipton.

Nọ́ọ̀sì Adúkẹ́ (Gwagwalada) · 10:15 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bùrọ̀dá. N kò sí níbẹ̀, n kò sì ní gbèjà ariwo. Kò yẹ kéèyàn jágbe mọ́ màmá àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Kò sí wọ́ọ̀dù tí mo ti ṣiṣẹ́ rí tí àgbo ò sí níbẹ̀. Mo ti bá a nínú ike omi, mo ti bá a nínú ike Fanta, mo ti bá a nínú àpò ìlédìí ọmọ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó ń bèèrè bóyá kí àgbo wọ ilé ìwòsàn ìjọba, ṣebí ó ti wọlé tipẹ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé.

Ohun tó ń dẹ́rù bà wá ni pé bí ìfúnpá bá já wálẹ̀ lójijì, tàbí tí ibà pọ́njú bá yọ lójú ẹni tí kò ní in nígbà tó ń wọlé, a ò ní mọ èyí tó fà á, ṣé oògùn wa ni àbí ti inú ike.

Èmi ti fi "ṣé ẹ ń mu àgbo?" sílẹ̀. "Rárá o, nọ́ọ̀sì" ni gbogbo wọn máa ń wí. Bí mo ṣe máa ń bi wọ́n ni: "Màmá, kí lẹ fi ń ti oògùn wa lẹ́yìn?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á sì sọ. Ó wá ku ibi tí n ó kọ ọ́ sí. Káàdì wa ní àyè fún iṣẹ́ abẹ téèyàn ti ṣe rí, ó ní àyè fún oògùn tí kò bá a lára mu, àgbo ò ní àyè kankan. Etí ìwé ni mo máa ń há a sí, dókítà tó bá gba iṣẹ́ lọ́la sì lè má rí i.

Lánre Nyanya · 10:31 alẹ́

Ewu ń bẹ níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹ̀gbọ́n mi ń wa ọkọ̀ láti Jabi lọ sí Kaduna. Ní kùtùkùtù, kí èrò tó kún, ife paraga kan nítorí ọ̀pá ẹ̀yìn. Tó bá di alẹ́, òmíràn nítorí oorun. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún mẹ́rin. Lónìí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. A ti ta ọkọ̀ náà. Dókítà ò sọ pé paraga nìkan ló fà á o, torí ìfúnpá rẹ̀ ti ga tipẹ́ tí kò sẹ́ni tó mọ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló ń mu, kò mọ̀. A padà lọ bá obìnrin tó ń tà á ní gáréèjì, òun náà ní kéègì lòun ń rà á, òun ò mọ ẹni tó ń rẹ ẹ́. Ṣé irú ẹ̀ lẹ fẹ́ kí ìjọba gbé wọ ilé ìwòsàn?

Ọmọ Elewé-Ọmọ (Mararaba) · 10:58 alẹ́

Bùrọ̀dá Lánre, ẹ pẹ̀lẹ́ ti ẹ̀gbọ́n yín, Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n sàn. Ṣùgbọ́n ẹ má pe paraga ní àgbo níwájú mi. Ọtí ni paraga. Wọ́n á ju èèpo igi díẹ̀ sínú ògógóró kó lè pọ́n, wọ́n á ní oògùn ni. Àwọn kan tún máa ń lọ oògùn ara ríro ti kẹ́míìsì mọ́ ọn, kí oníbàárà lè sọ pé ó jẹ́.

Ìyá mi ti ń ta ewé àti egbò ní Mararaba kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ̀yin ará Abuja ò mọ̀ pé igi àgbo wa ò sí níhìn-ín. Awópa, òrúwọ, ahùn, inú igbó ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń wá. Àpò ni wọ́n ń dì í sí n'Ìbàdàn, ọkọ̀ alẹ́ ló ń gbé e. Tó bá dé, ìyá mi á tú u sórí tapólì, wọ́n á fi èékánná ha èèpo awópa lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n bíi pupa ẹyin. Èyí tó bá ti ṣú, tàbí tó ń rùn bíi aṣọ tí kò gbẹ, wọ́n á jù ú nù. Lọ́dún kan, òjò wọ àpò méjì lọ́nà Lọ́kọ́ja, gbogbo rẹ̀ bu. Wọ́n sunkún lọ́jọ́ náà, wọ́n sì dà á sí ààtàn. Ẹlòmíì á sá a ni, á tà á. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sí ẹnì kan láti ọ́fíìsì ìjọba tó wá wo àpò wa rí, àfi ẹni tó ń gba owó ìsọ̀.

Bùrọ̀dá Àkàndé, ẹ dá mi lóhùn. Kí ni àwọ̀ àgbo Màmá? Ṣé ó dúdú ni àbí ó pọ́n? Ṣé nǹkan rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀? Báwo ló ṣe ń ṣe lẹ́nu?

Alábòójútó · 11:20 alẹ́

Ẹni tó wá polówó oògùn tó ń wo ogójì àrùn síbí, mo ti yọ èsì rẹ̀ kúrò. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ní rí ibí wọ̀ mọ́.

Apòògùn Lugbe · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú ni mo ti ka gbogbo èyí, ẹ má bínú tí mo bá ṣi nǹkan kọ.

Ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ kan wà ní Idu níbí, NIPRD lorúkọ rẹ̀, 1987 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ń darí rẹ̀, ọmọ Yorùbá kan, Ẹni Ọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale, gbé àgbo ìdílé tirẹ̀ wá fún wọn. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló wà fún. Ẹ fetí sí ohun tó wà nínú ẹ̀: ìyèré, osùn, kànáfùrù, pòròpórò ọkà bàbà. Ìyá àgbà yín lè ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìkúrò nídìí ìsọ̀ lékùléja kan. Wọ́n dán an wò lára ẹranko, wọ́n dán an wò lára èèyàn, wọ́n rí i pé ìrora tó máa ń dá aláìsàn gúnlẹ̀ ń dín kù. Wọ́n sọ ọ́ ní Niprisan. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Xechem gba ìwé àṣẹ láti máa ṣe é, ó fìdí kalẹ̀ sí Sheda lọ́nà Lọ́kọ́ja, Ààrẹ Obasanjo sì gbé e jáde fáráyé ní 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan.

Ní 2008, Xechem wọko gbèsè. Kò pẹ́ tí oògùn náà fi dàwátì. Mo wà nídìí káńtà nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé ni, mo sì rántí bàbá kan tó gbé páálí òfìfo wá láti Minna, tó fi lé káńtà, tó ní "irú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá mi wá." Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń lò ó. A ò rí i. Ewé ò ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ìwé àdéhùn àti owó ló ṣẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn, torí gbogbo wa ti ń já ewé níyàn.

Nọ́ńbà NAFDAC tí ẹ ń rí lára ike àgbo ń kọ́? Ọ̀pọ̀ rẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ ọdún méjì ni. Àjọ náà gbà kí wọ́n máa tà á. Kò sọ pé ó ń wo ohun tí olóògùn ní ó ń wò. Wọ́n tilẹ̀ ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ike pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ń fọ́nnu yìí wò. Lẹ́tà rẹ̀ kéré bí orí kòkòrò. Ẹ yí ike padà, ẹ ó rí i.

Ti Gánà, òótọ́ ni. Yunifásítì Kumasi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣègùn ewé gboyè ní 2001, àti láti 2011 ni wọ́n ti ń fi àwọn tó gboyè náà sí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba kan. Tiwọn tún ní ilé ìwádìí ewé ní Mampong láti 1975. Àwa náà ní ìwé: ìlànà ìjọba lórí ìṣègùn ìbílẹ̀ jáde ní 2007, ẹ̀ka kan sì wà fún un ní mínísírì ìlera láti 2018. Ẹni tó máa jókòó sí yàrá kẹta lápá òsì, tí Màmá Àkàndé máa lè bá sọ̀rọ̀, ni kò tíì sí.

Ọmọ Elewé-Ọmọ · 7:48 àárọ̀

Ẹ ṣeun, apòògùn. Àwọn tó gboyè ni wọ́n fi sí yàrá ní Gánà. Ta ló kọ́ àwọn tó kọ́ wọn? Ṣé inú ìwé ni ewé ti kọ́kọ́ hù?

Ohun tó ń pa àwọn ìyá wa lẹ́nu mọ́ nìyí. Tí ìyá mi bá jókòó sọ gbogbo ohun tó wà nínú àgbo ibà wọn fún yín lónìí, ẹ ó kọ ọ́, ẹ ó lọ̀ ọ́, ẹ ó rọ ọ́ sí páálí. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ra ẹrù lọ́la?

Apòògùn Lugbe · 8:10 àárọ̀

Mi ò ní èsì gidi fún èyí. Òótọ́ lẹ sọ.

Bàbá Onípákó (Jos) · 12:30 ọ̀sán

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ẹ ń sọ̀rọ̀ Gánà bí ẹni pé ilẹ̀ tiwa ò ṣe é rí. Ní 1954, Dókítà Adeoye Lambo, tó padà di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, l'Ábẹ́òkúta. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ni. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí àwọn abúlé ẹ̀bá ibẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn èèyàn, ẹbí tẹ̀ lé wọn láti máa dáná fún wọn, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú ní ọ̀sán, wọ́n ń padà sábúlé. Ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́. Ọkọ àbúrò ìyá mi wà lára àwọn tó sùn ní abúlé yẹn. Ó padà wálé, ó ń ta aṣọ títí ó fi kú.

Àwọn oníṣègùn yẹn ò wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ní aṣofẹ́yẹjẹ. Àwọn òyìnbó yọ èròjà tí wọ́n pè ní reserpine lára mọ̀lẹ́bí igi yẹn tó wà ní Íńdíà ní 1952, wọ́n sì fi ń tọ́jú wèrè. Tiwa náà ní in lára, àwọn bàbá wa sì ti ń lò ó fún wèrè kan náà kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ.

Nǹkan kejì. Mo ti lé ní ogójì ọdún níbí. Àwọn Hausa ní tiwọn, sabara fún ikọ́, bagaruwa fún inú rírun, tí ìyá mi ń pè ní boní. Ewé kan náà, èdè méjì ń pè é. Ìjọba tó bá fẹ́ kọ ìwé ewé, kó kọ́kọ́ mọ orúkọ.

Apòògùn Lugbe · 12:55 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ti ba kídìnrín jẹ́ rí. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin kan lọ gba oògùn ewé Ṣáínà tí wọ́n máa fi fọn. Ewé méjì ń jẹ́ orúkọ tó jọra ní èdè Ṣáínà, wọ́n mú èyí tí kì í ṣe tòótọ́. Kídìnrín ọ̀pọ̀ nínú wọn bàjẹ́, àwọn míì sì ní jẹjẹrẹ lẹ́yìn náà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ pa wọ́n. Orúkọ ni wọ́n ṣì.

Aṣofẹ́yẹjẹ tí Bàbá dárúkọ, ó ń fa ìfúnpá wálẹ̀. Ẹni tó bá pò ó mọ́ oògùn ìfúnpá ilé ìwòsàn láìsọ fún wa lè ṣubú sí balùwẹ̀.

Lánre Nyanya · 1:20 ọ̀sán

Ṣé ẹ rí i? Ohun tí mo ń sọ láti àná nìyẹn.

Àkàndé Kubwa · 8:35 alẹ́

Ẹ má bínú, ọ́fíìsì ò jẹ́ kí n tètè padà wá. Màmá ti wà nílé láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Lẹ́yìn tí wọ́n gba fúláàsì, ìfúnpá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, 150 lé díẹ̀ ló wà tí wọ́n fi ní ká máa lọ.

Mo wá fi ọgbọ́n Nọ́ọ̀sì Adúkẹ́ bi wọ́n lálẹ́ yìí. Mo ní, "Màmá, kí lẹ fi ń ti oògùn dókítà lẹ́yìn?" Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ta ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ yẹn. Ni wọ́n bá ní kí n ṣí báàgì àwọn. Kéègì lítà mẹ́rin wà lábẹ́ ìró, ó ku ìdajì. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gbé e wá. Ẹni tó ń bá wọn gbé e wọ wọ́ọ̀dù ni ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nínú báàgì iléèwé. Wọ́n ti jọ ṣàdéhùn, ó ń gba owó bísíkíìtì.

Ó dúdú bí omi èédú. Nǹkan funfun rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Mo fi ahọ́n kàn án, ó korò, ó sì ń yọ̀ lẹ́nu bí ìgbà téèyàn ṣèèṣì fi ọṣẹ kan ahọ́n.

Ọmọ Elewé-Ọmọ · 8:41 alẹ́

Ó ń yọ̀ lẹ́nu? Ẹ bu díẹ̀ sínú ife. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún mi.

Àkàndé Kubwa · 8:59 alẹ́

Ó hó! Ó ru sókè bí ìgbà tí wọ́n ṣí Coke tó ti gbóná. Ọmọ mi ní kí n tún un ṣe.

Ọmọ Elewé-Ọmọ · 9:03 alẹ́

Kán-ún nìyẹn. Àgbo jẹ̀dí ni. Àwọn kan máa ń fi kán-ún sí i kí igi lè tètè tú omi rẹ̀ jáde, bó ṣe máa ń mú ẹ̀wà tètè rọ̀. Tí ìyá mi bá máa fi sí i rárá, kò ní ju bí èékánná ọmọdé lọ nínú odindi ìkòkò. Kán-ún tó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ títí tí ọsàn fi mú un ru bẹ́ẹ̀, ẹni tó sè é ò fi ojú wọ̀n ọ́n ni. Tí Màmá bá sì ń da omi gbígbóná lé e láràárọ̀, ìsàlẹ̀ yẹn ni wọ́n ń rò pọ̀ mu.

Nọ́ọ̀sì Adúkẹ́ · 9:10 alẹ́

Kán-ún! Yéè! Ẹbí kan ni kán-ún àti iyọ̀, sódíọ̀mù ló wà nínú méjèèjì. A ní kí Màmá má fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, a ní kí wọ́n yẹra fún Maggi, wọ́n ń mu ún nínú fúláàsì láàárọ̀ lálẹ́! Mi ò lè búra pé òun nìkan ló gbé ìfúnpá wọn dúró síbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n dókítà tó ń fi oògùn kún oògùn ì bá ti mọ̀ bí ẹnì kan bá ti béèrè.

Mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́rìnlá, n kò mọ̀ pé wọ́n ń fi kán-ún sínú àgbo jẹ̀dí.

Ọmọ Samaru · 9:44 alẹ́

Zaria ni wọ́n bí mi sí, mo sì ṣiṣẹ́ lábù níbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yín ló mú mi kọ̀wé. Kán-ún yìí ní ìtàn lọ́dọ̀ wa. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà ní Zaria ń rí àwọn abiyamọ Hausa tí ọkàn wọn ń dáṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ẹsẹ̀ wọn á wú, wọn ò ní lè mí dáadáa. Wọ́n tọpa rẹ̀ dé inú ilé. Àṣà ni pé kí abiyamọ máa mu kúnú oníkán-ún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó máa fi omi gbígbóná gan-an wẹ̀, kó sì máa sùn sórí bẹ́ẹ̀dì amọ̀ tí wọ́n dáná sábẹ́ rẹ̀. Àwọn dókítà náà ka kán-ún sí ọ̀kan lára ohun tó fà á. Àwọn olùwádìí mìíràn ti jiyàn lórí rẹ̀ láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wá a ló wù mí: wọ́n wọ ilé, wọ́n jókòó ti àwọn ìyá àgbà, wọ́n béèrè ohun tó wà nínú kúnú.

Ẹ tún wò ó: igi wá láti Ìbàdàn, kán-ún wá láti apá Chad, wọ́n wá pàdé nínú fúláàsì ní Kubwa.

Bàbá Onípákó · 9:58 alẹ́

Nàìjíríà kan ṣoṣo.

Lánre Nyanya · 10:20 alẹ́

Àǹtí Elewé-Ọmọ, mo tọrọ gáfárà fún àná. Tí mo bá gbé díẹ̀ lára ohun tí obìnrin gáréèjì yẹn ń tà wá fún ìyá yín, ṣé wọ́n lè sọ ohun tó wà nínú ẹ̀? Kò lè tún kídìnrín ṣe mọ́, mo mọ̀. Àwọn dírẹ́bà tó kù níbẹ̀ ni mo ń rò.

Ọmọ Elewé-Ọmọ · 10:34 alẹ́

Ẹ gbé e wá ní ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n á gbóòórùn ẹ̀, wọ́n á sọ igi tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá lọ oògùn kẹ́míìsì sí i, ìyẹn á di ti apòògùn, ìyá mi ò lè mọ ìyẹn.

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí wọn létí lálẹ́ yìí. Wọ́n ní tí dókítà bá pe àwọn, àwọn á sọ orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò. Ìwọ̀n rẹ̀ ni àwọn ò ní sọ.

Apòògùn Lugbe · 10:40 alẹ́

Orúkọ tó fún mi. Kí wọ́n máa fi ìwọ̀n wọn jẹun. Bùrọ̀dá Lánre, lẹ́yìn tí Màmá bá gbóòórùn ẹ̀ tán, ẹ mú èyí tó kù wá sọ́dọ̀ mi.

Àkàndé Kubwa · Ọjọ́bọ̀, 4:15 ìrọ̀lẹ́

A lọ fi ara hàn dókítà lónìí. Mo gbé kéègì náà dání, mo wé e sínú ọ̀rá dúdú bí ẹni gbé ọtí wọ mọ́ṣáláṣí. Dókítà mìíràn ni, ọmọ Hausa, ọ̀dọ́mọkùnrin. Mo ṣàlàyé lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo ní kán-ún wà nínú rẹ̀, kò yé e. Mo ní potash, ó ń wo ojú mi. Ó ṣí ìdérí kéègì, ó gbóòórùn ẹ̀, ó bojú wo ìsàlẹ̀, ó ní: "Kanwa ce?"

Ẹ ò mọ̀ pé ìyá mi ta aṣọ ní Kano fún ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó bí mi. "I, kanwa ce," ni wọ́n dá a lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fi Hausa bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, èmi jókòó bí àlejò. Wọ́n sọ fún un pé ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta làwọn kì í yàgbẹ́ tí àwọn bá ń lo oògùn kan báyìí, ìdí tí àwọn fi ń mu àgbo jẹ̀dí nìyẹn. Wọn ò sọ èyí fún mi rí. Ó pààrọ̀ oògùn náà. Ìfúnpá wà ní 146 lórí 88. Ó kọ "kanwa" sí káàdì, etí ìwé náà ló kọ ọ́ sí, Nọ́ọ̀sì Adúkẹ́, ṣùgbọ́n ó fi bírò pupa yí i po.

Nígbà tí a fẹ́ dìde, Màmá bi í léèrè fúláàsì wọn. Ó ní òun á bá wọn bèèrè ní wọ́ọ̀dù. Ó wọlé, ó pẹ́, ó jáde, ó ní wọn ò rí i.

Jẹ́jẹ́ Layé · 4:22 ìrọ̀lẹ́

Nọ́ọ̀sì yẹn ti ń fi gbé ògì.